Káàdì Gaara àti Òǹtẹ̀ Bàbá Wa

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì tó là kedere, tí mo fi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in báyìí, ká lè ráyè sọ̀rọ̀.

Káàdì ni mò ń yà. Káàdì pélébé tí àwọn oníṣòwò máa ń fà yọ lápò, "Ẹ pè mí o," tí ẹni tó gbà á á sì fi ta eyín tó bá délé. Bàbá wa ló dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà onírin lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń darí ẹ̀rọ, la bá ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ̀rọ, orúkọ tó sì gbádùn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ. Ní ti Bàbá, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún wọn: òǹtẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tó ń dé orí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé Bàbá ti wo àpẹẹrẹ rẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé iṣẹ́ náà: Ó DÁA. Gbogbo ohun tó wà lára òǹtẹ̀ ọ̀hún nìyẹn. Tábìlì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù nínú ilé, ó sì fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè sùn lórí rẹ̀ kí wọ́n má fara kanra.

Ọ̀rọ̀ tábìlì yìí ló ń da ilé rú. Ó ti tó ọdún méjì tí àbúrò mi ti ń wò ó bí ẹni ń wo ẹran lórí iná. Ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ kan tó ń fi ike bo ìwé síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," á ní, "ẹ̀rọ yẹn á máa ṣiṣẹ́. Bàbá ń jókòó ni." Ó ti sọ ọ́ fún Bàbá náà lójúkojú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, pé ọjọ́ tí àṣìṣe kan ṣoṣo bá ti gba abẹ́ òǹtẹ̀ kọjá, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n máa sinmi nílé. Bàbá ní kò burú, àwọn gbà. Ọkùnrin yẹn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì rò pé mo wà lẹ́yìn Bàbá. Rárá o! Ká ní wọ́n ní ká dìbò ni, àbúrò mi ni ǹ bá dìbò fún. Bàbá yìí ti fojú mi rí màbo. Kò sí iṣẹ́ tí mo gbé fún wọn rí tí wọn ò dá padà. Wọ́n á gbé e sókè sí fèrèsé, wọ́n á fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á wá dá ẹjọ́ rẹ̀ bí adájọ́.

"Padà lọ wò ó."

"Kí ni kí n wò níbẹ̀, Bàbá?"

"Ìlà kẹta."

Tí kì í bá ṣe ìlà kẹta, á jẹ́ "Sún un sí òsì díẹ̀." Díẹ̀ mélòó? "Díẹ̀." Màá bínú lọ, màá bínú bọ̀. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé tí mo bá wo ìlà kẹta lóòótọ́, mo máa ń rí nǹkan níbẹ̀: lẹ́tà tó fò, nọ́ńbà tó gba ipò ẹnìkejì rẹ̀. Tí kò bá sí ní ìkẹta, á wà ní ìkarùn-ún. Tí mo bá wá gbé e padà, Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i." Ọmọdé! Èmi tí orí mi ti ń hewú, tí mo ní ọmọ tó ti wà nílé ọkọ!

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Onígíláàsì fi dé.

Ọkùnrin yìí ń gé gíláàsì fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé, gbogbo ìka rẹ̀ ló kún fún àpá bí ìka ẹni tó ń bá ológbò jìjàkadì. Ó ní àwọn kan ń kọ́ ilé alájà mẹ́jọ, wọ́n ti pe gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ sí ìpàdé lọ́la, kálukú ló sì máa fi káàdì sílẹ̀ lórí tábìlì. Òun ò fẹ́ kí tòun bá ti àwọn yòókù sùn síbẹ̀.

"Kó mọ́ gaara," ó ní. "Kí wọ́n gbé e sójú, kí wọ́n rí ara wọn ní òdìkejì. Kí ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ dà bí èémí èèyàn lára gíláàsì lóòwúrọ̀ òtútù."

"Funfun nìyẹn," mo ní.

"Funfun ni, Àǹtí Káàdì."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa, "Ẹ ṣáà ṣe é kó rẹwà" ni wọ́n máa ń sọ, tí mo bá wá ṣe é tó rẹwà, wọ́n á ní kì í ṣe irú ẹwà yẹn. Mo jókòó, mo yà á. Ìlà kìn-ín-ní, orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìlà kejì, iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìlà kẹta, nọ́ńbà fóònù. Mo wá fa ìlà tín-ín-rín yí gbogbo rẹ̀ ká bí férémù fèrèsé. Ó dùn ún wò.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni mo ti jìn sí kòtò. Tí a bá tẹ lẹ́tà funfun sórí ìwé, kò sí funfun kankan tí à ń tẹ̀. Ìwé ló funfun, a kàn fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo ni. Ẹ̀rọ tó bá ti rí funfun, fífò ló ń fò ó. Ṣùgbọ́n ike gaara tí ọkùnrin yìí fẹ́ ò ní funfun kankan lára. Yíǹkì funfun gidi la gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí i, ó ní ìgò tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ẹni tó ya káàdì ló sì gbọ́dọ̀ fi àmì kan sí i tó máa sọ fún ẹ̀rọ pé, "Funfun yìí kì í ṣe àlàfo o, tẹ̀ ẹ́." Àmì kékeré báyìí ni. Ìgbà tí mo bá parí ohun gbogbo ni mo máa ń fi sí i.

Ike náà kì í sì í wá níhòòhò. Wọ́n máa ń lẹ ìwé funfun mọ́ ọn lẹ́yìn kó má baà ha, ó dìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, tí a gé e tán, ká tó bó ìwé náà kúrò. Lẹ́tà funfun níwájú, ìwé funfun lẹ́yìn: kí wọ́n tó bó o, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀, ì báà ní ojú àwòdì. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi máa ń bó àpẹẹrẹ fúnra wọn. Àwọn nìkan ló ń bó o, torí àwọn nìkan ló ni òǹtẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Onígíláàsì ní òun á wá gbé e ní aago mẹ́rin. Aago méjì ti lù. Mi ò tíì jẹun, bàtà tuntun ti bó mi lẹ́sẹ̀, orí mi sì ti wà níbi oúnjẹ. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, àbúrò mi tẹ àpẹẹrẹ kan, ó gé e, mo gbà á tìwétìwé, mo gbé e lọ bá Bàbá.

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dá mi padà lónìí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ebi ń pa mí, ọkùnrin yẹn sì ń bọ̀ wá."

Bàbá yí ojú sí mi. Wọ́n fi èékánná bó ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbé e sí fèrèsé, wọ́n fi ìka tọ́ ọ. Wọ́n tún fi ìka tọ́ ọ. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti ń dúró de ìlà kẹta, mo ti ń to èsì tí màá fọ̀ sínú ikùn mi.

"Ó dáa," Bàbá ní. Gbàm! Òǹtẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó kúrò níwájú wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò sọ ọ́ rí kí wọ́n má kọ́kọ́ dá mi padà. Ó yẹ kí ara fu mí, ṣùgbọ́n ebi ò jẹ́. Àbúrò mi tẹ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó gé wọn, ó kó wọn sínú páálí, òun náà bá wá oúnjẹ lọ.

Onígíláàsì dé kí aago tó lu mẹ́rin. Mo gbé páálí sórí káńtà, mo ní kó dúró kó wòran, torí mo fẹ́ràn ṣekárími. Mo mú ọ̀kan, mo fi èékánná kọ́ ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, mo bó o fẹ̀rẹ̀.

Ike ni mo rí. Mo yí i padà, ike náà ni. Mo gbé e lé orí aṣọ dúdú, aṣọ dúdú ni mo rí. Mo bó ìkejì. Mo bó ìkẹta. Onígíláàsì mú ọ̀kan, ó gbé e sójú, ó ń fi wò mí.

"Àǹtí Káàdì, èmi ni mo ní kó mọ́ gaara, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ẹ máa gbọ́ mi tó báyìí." Ó rín títí, ó wá rí ojú mi, ẹ̀rín náà tán. "Lọ́la nìpàdé yẹn o."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó padà wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀, á bá a nílẹ̀.

"Aago mẹ́jọ," ó ní. "Tí ò bá sí, ẹ̀yin gan-an ni màá gbé lọ sí ìpàdé, kẹ́ ẹ máa fẹnu sọ nọ́ńbà mi fún wọn."

Bó ṣe jáde ni mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Àmì ò sí níbẹ̀. Mi ò fi í sí i. Mo bú ara mi dáadáa, mi ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ nínú ìdílé. Ibi tí mo ti ń bú ara mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn: Bàbá bó o. Bàbá wò ó. Bàbá lu òǹtẹ̀.

Màá purọ́ tí mo bá ní inú mi ò kọ́kọ́ dùn. Inú mi dùn! Ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n wàyí! Gbogbo ìlà kẹta tí wọ́n ti fi yọ mí lẹ́nu, mo fẹ́ gbẹ̀san rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo mú káàdì òfìfo kan, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá.

"Bàbá, ẹ bá mi ka káàdì yìí."

Wọ́n gbà á. "Mo ti lu òǹtẹ̀ sí i."

"Mo mọ̀. Ẹ kà á fún mi."

Wọ́n yí káàdì náà lọ́wọ́.

"Ìlà kẹta, Bàbá. Ẹ ṣáà ka ìlà kẹta."

Bàbá kọjú sí fèrèsé. "Kí ló wà níbẹ̀?" wọ́n bi mí.

Bí wọ́n ṣe bi mí yẹn ni ìbínú mi fi sá lọ. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá. Òfìfo ni. Èmi ni mo gbàgbé láti fi yíǹkì funfun sí i."

"Òfìfo ni?" Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín! "Háà! O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an ni."

"Ẹ ń dúpẹ́ kí ni?"

"Mo fi ìka tọ́ ọ, mi ò kan nǹkan kan. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ike máa ń yọ sókè díẹ̀, ìka máa ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mi ò kan nǹkan kan, mo ní ìka náà ti lọ nìyẹn. Ojú ti kọ́kọ́ lọ, mo gbà. Tí ìka bá tún wá lọ, kí ni mo fẹ́ máa wá ṣe níbí?"

Mo wá ibi jókòó. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo. Wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní ó dà bí ẹni ta aṣọ funfun sójú àwọn, àwọn ń rí ìmọ́lẹ̀, àwọn ń rí òjìji èèyàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti di ìtàn.

"Ọdún mẹ́ta! Gbogbo 'sún un sí òsì díẹ̀' yẹn ńkọ́?"

"Ṣé o máa ń sún un?"

"Mo máa ń sún un, Bàbá!"

"Ṣé ó máa ń dáa sí i?"

Kí n má purọ́, ó máa ń dáa sí i.

"Ìlà kẹta wá ńkọ́?"

"Ìwọ nìyẹn," Bàbá ní. "Láti kékeré lo ti ń kánjú. Ìlà méjì àkọ́kọ́ lo máa ń fara balẹ̀ ṣe. Tó bá ti di ìkẹta, ọkàn rẹ ti wà nídìí ìkòkò. Tí mo bá ti ní kó o padà lọ wò ó, o máa ń rí nǹkan. Ojú rẹ là ń lò látọjọ́ yìí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò dá mi padà lónìí?"

"O ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́."

Mo sunkún. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sunkún, imú mi ń dà sórí tábìlì. Mo bi wọ́n pé ṣé dókítà ò lè ṣe nǹkan sí i ni. Wọ́n ní dókítà ti sọ pé òun lè bá àwọn yọ nǹkan funfun tó bo ojú náà, pé kò ju kí àwọn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sinmi nílé lọ.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Bàbá ní. "Kí n tó padà dé, ẹ̀rọ ti wà lórí tábìlì mi."

Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àbúrò mi wọlé, káàdì òfìfo lọ́wọ́ kan, ìwé iṣẹ́ tó mú nínú páálí lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Gbogbo rẹ̀ pátá!" Ó wo ìwé iṣẹ́, ó rí òǹtẹ̀. Ohùn rẹ̀ bá rọlẹ̀. Àbúrò mi kì í ṣe ìkà, kó yé yín. "Bàbá," ó ní, "a ti jọ sọ ọ́."

"A ti jọ sọ ọ́," Bàbá ní. Wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ wá awò ojú wọn kiri orí tábìlì, bẹ́ẹ̀ iwájú wọn gan-an ló wà. Àbúrò mi ti ń wo ọwọ́ yẹn. Mo rí i pé ó ń wò ó. Mo bá já awò náà gbà lórí tábìlì, mo fi í sí Bàbá lọ́wọ́, mo sì la ẹnu kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Èmi ni mo lu òǹtẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Bàbá dá mi padà. Wọ́n ní kí n lọ wo ìlà kẹta. Ó sú mi. Wọ́n yíjú báyìí, mo jí òǹtẹ̀, mo lù ú fúnra mi."

Yé è! Ẹ ò rí àbúrò mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rí ọ̀nà tó fi máa bá mi wí, wọ́n wá gbé mi lé e lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà!" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ka ẹ̀ṣẹ̀ mi láti orí ẹran rẹ̀ tí mo jẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ní ojú kì í tì mí. Ó ní ìwàǹwara ló máa pa mí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí Bàbá, ó tẹrí ba.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti wọn tábìlì yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń gbà wá nílé yìí, mi ò tètè mọ̀ ni."

Ó yẹ kí Bàbá dákẹ́. Ẹni tó bá ní ìtìjú á dákẹ́. Bàbá gbé awò wọ̀, wọ́n na ọrùn, wọ́n ní, "Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí..."

"...bí ọmọdé gorí igi, kò lè rí i," àbúrò mi bá wọn parí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ki aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa mí.

Nígbà tí àbúrò mi lọ tan ẹ̀rọ, mo sọ ọ́ sí Bàbá létí. "Ọjọ́ Ajé, ọ́síbítù. Èmi ni màá máa jókòó ti tábìlì yìí títí ẹ ó fi dé, mi ò ní dìde. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, màá jẹ́wọ́."

"Ọmọ burúkú," Bàbá ní.

"Ẹ̀yin lẹ bí mi."

Wọ́n gbà.

Mo fi àmì sí iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà sí àní-àní. Àbúrò mi tẹ àpẹẹrẹ tuntun, ó tẹ̀ lé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá, torí kò fọkàn tán mi mọ́. Bàbá bó ìwé ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gbé e sí fèrèsé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kọjá nínú rẹ̀, lẹ́tà funfun sì dúró síbẹ̀ bí èémí lára gíláàsì, bí ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ. Mo rí i nígbà tí ìka wọn kan lẹ́tà. Gbogbo ojú wọn tàn. Wọ́n gbé òǹtẹ̀ sókè, wọ́n tún gbé e kalẹ̀.

"Padà lọ wò ó."

"Bàbá!"

"Ìlà kẹta."

Mo wò wọ́n pé kí wọ́n fi mọ níwọ̀n, eré náà ti ń pọ̀ jù. Wọn ò tiẹ̀ rí i pé mò ń wò wọ́n.

"Ẹ lọ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi ní. "Àbí ẹ tún fẹ́ jí òǹtẹ̀ ni?"

Mo fi ìbínú gba káàdì. Mò ń kùn lọ, mò ń bú àwọn tó bí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo gbé káàdì lé orí aṣọ dúdú, mo gbé ìwé tí Onígíláàsì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kà á. Mo tún un kà, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà náà dín ẹyọ kan.

Mo wo ọ̀ọ́kán. Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ọwọ́ lórí òǹtẹ̀, wọ́n ń dúró. Mo fi ẹyọ tó dín sí i. Lẹ́yìn náà mo sún gbogbo rẹ̀ sí òsì díẹ̀.